Fídíò orin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ojoo: Ìlànà wo ló yẹ kí wọ́n pa mọ́, èwo ló yẹ kí wọ́n yí padà?

Bí ènìyàn bá pa ohùn tẹlifíṣàn rẹ́ pátápátá, tí ó ku àwòrán nìkan, ọ̀pọ̀ òǹwòran ni yóò ṣì lè sọ irú orin tí wọ́n ń kọ. Bí ọkùnrin kan bá wọ agbádá olówó ńlá, tí àwọn obìnrin tí wọ́n wọ aṣọ ẹbí ń jó lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹnì kan sì ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bóyá fújì tàbí jùjú ni. Bí ó bá jẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó ẹ̀wọ̀n sọ́rùn, tí wọ́n fara ti mọ́tò tí ó ń dán gbinrin, tí wọ́n ń nàka sí kámẹ́rà, orin tàkasúfèé nìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ àwọn akọrin tí wọ́n wọ aṣọ funfun gbọọrọ, tí wọ́n dúró láàárín òdòdó, orin ẹ̀mí ni. Ohun tí ó jẹ́ kí ojú mọ orin kí etí tó gbọ́ ọ ni à ń pè ní ìlànà. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé òfin, ṣùgbọ́n àti olórin àti òǹwòran ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìlànà yìí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń gbé ní Ojoo gbọ̀ngbọ̀n. Àdúgbò yìí wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, kò sì jìnnà sí Yunifásítì Ìbàdàn. Láyé òde òní, fóònù kan ti tó láti ya fídíò, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan sì ti tó láti to àwòrán pọ̀. Ìṣòro kò sí lọ́wọ́ irinṣẹ́ mọ́. Ibi tí ìṣòro wà ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè ná owó tí kò ní láti fi ṣe àfarawé ohun tí àwọn olówó ti ṣe. Yóò yá mọ́tò, yóò yá ilé ńlá ní Bódìjà, yóò kó àwọn ọmọbìnrin jọ láti jó, nígbà tí iṣẹ́ bá sì parí, fídíò náà yóò jọ ti ẹlòmíràn tí ó lówó jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò ní dára tó o. Àwọn mìíràn a sì gba ọ̀nà kejì: wọn a ní àwọn kò ní tẹ̀lé ìlànà kankan, wọn a wá ṣe ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà kẹta wà, òun ni àwọn tí iṣẹ́ wọn pẹ́ lójú ayé tọ̀. Wọ́n pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlànà mọ́, wọ́n sì yí ẹyọ kan ṣoṣo padà, nítorí ohun tí orin náà fẹ́ sọ.

Ibi tí ìlànà ti wá

Ìlànà fídíò orin kò já láti ọ̀run. Ọjà títà ló bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ, ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn MTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fídíò orin ló sì ń gbé jáde látàárọ̀ dalẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ti rí i pé bí ojú olórin kò bá hàn dáadáa, àwo rẹ̀ lè má tà. Nígbà tí MTV Base tí ó wà fún ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, ọdún 2005, orin ‘African Queen’ ti 2Face Idibia, ọmọ Nàìjíríà, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Èyí sì fi han àwọn ọ̀dọ́ pé iṣẹ́ wọn lè dé ibi tí ti àwọn òyìnbó dé.

Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Andrew Goodwin ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀, Dancing in the Distraction Factory, tí ó jáde ní ọdún 1992. Àwọn olùkọ́ ṣì ń lo àlàyé rẹ̀ títí di òní. Ó ní irú orin kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, bí aṣọ, ibi tí wọ́n ti yà á àti bí wọ́n ṣe ń jó. Ó ní àwòrán ní láti bá ọ̀rọ̀ orin lò, kí ó sì bá ìlù lò. Ó ní ilé-iṣẹ́ tí ó gbé olórin jáde a máa fẹ́ kí kámẹ́rà sún mọ́ ojú rẹ̀ gan-an, kí àwọn ènìyàn lè dá a mọ̀. Ó tún ní ọ̀rọ̀ wíwò wà níbẹ̀, pàápàá bí kámẹ́rà ṣe ń wo ara obìnrin, àti pé fídíò orin a máa tọ́ka sí fíìmù tàbí fídíò mìíràn tí òǹwòran ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Lórí bí àwòrán ṣe ń bá ọ̀rọ̀ orin lò, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní ni kí àwòrán fi ohun tí ẹnu ń sọ hàn gẹ́lẹ́: bí olórin bá dárúkọ òjò, kí òjò máa rọ̀. Èkejì ni kí àwòrán fi ìtumọ̀ kún ọ̀rọ̀: olórin ń kọrin nípa òjò, ṣùgbọ́n ìyá kan ni à ń rí tí ń sáré kó àgbàdo tí ó sá sóòrùn. Ẹ̀kẹta ni kí àwòrán tako ọ̀rọ̀: ẹnu ń kọrin òjò, ilẹ̀ sì gbẹ táútáú. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti ní ìdajì iṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àwọn tí wọ́n ti yí ìlànà padà nílé

Kí fídíò orin tó dé rárá ni àwọn òṣèré Yorùbá ti mọ ọgbọ́n yìí. Olóyè Hubert Ogunde, tí ó gbé ayé láti 1916 sí 1990, kì í bẹ̀rẹ̀ eré láìsí orin àti ijó ìṣíde. Àwọn òǹwòran ń retí rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe ‘Yorùbá Ronú’ ní ọdún 1964, kò pa orin tì, bẹ́ẹ̀ ni kò pa ijó tì. Ohun tí ó yí padà ni ohun tí orin àti ijó náà ń sọ: ó fi wọ́n bá àwọn olóṣèlú ìgbà náà wí. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè S. L. Akíntọ́lá ń darí láti Ìbàdàn, fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀, òfin náà kò sì kúrò títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní 1966. Bí ó bá jẹ́ pé ìwàásù lásán ni Ogunde gùn orí ìtàgé ṣe, bóyá ìjọba ìbá má bìkítà. Ohun tí ó kó jìnnìjìnnì bá wọn ni pé eré tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn ni ọ̀rọ̀ náà gbà wọlé.

Lágbájá ni àpẹẹrẹ kejì. Òfin tí ó lágbára jù lọ nínú ọjà orin ni pé kí ojú olórin hàn. Lágbájá bo ojú tirẹ̀. Orúkọ tí ó sọ ara rẹ̀ túmọ̀ sí ẹni tí a kò dárúkọ, ẹni tí ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni, aṣọ tí ó fi bojú sì rán gbogbo ọmọ Yorùbá létí eégún. Ìyókù wà bí ó ti yẹ kí ó wà: ìlù ń dún, ijó ń lọ, orin sì dùn. Ìlànà kan ṣoṣo ni ó fọ́, ó sì jẹ́ kí ohun tí ó fọ́ náà di àmì ìdánimọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Weird MC náà gbé ‘Ijoya’ jáde ní ọdún 2006, àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà ni wọ́n fi ṣe fídíò rẹ̀, ní àkókò tí gbogbo ayé ń du mọ́tò àti ilé ńlá. Orin ijó ni, ijó náà sì wà níbẹ̀. Ara tí ń jó o nìkan ló yàtọ̀.

Owó kékeré kò ní kí iṣẹ́ má dára

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ní ọdún 1965, wọ́n ya àwòrán olórin Amẹ́ríkà nì, Bob Dylan, ní ọ̀nà tóóró kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, fún fíìmù Dont Look Back tí ó jáde ní 1967. Orin ń dún, ṣùgbọ́n Dylan kò la ẹnu rẹ̀. Páálí ni ó mú dání, tí wọ́n kọ àwọn ọ̀rọ̀ inú orin náà sí, ó sì ń jù wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí orin ṣe ń lọ. Ìlànà pé kí ẹnu olórin máa bá ohùn mu ni ó fọ́, páálí lásán ni ó sì fi fọ́ ọ.

Ní ọdún 2006, ẹgbẹ́ olórin OK Go ti Amẹ́ríkà gbé ‘Here It Goes Again’ jáde. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń jó lórí ẹ̀rọ mẹ́jọ tí àwọn ènìyàn fi ń sáré ìdárayá. Kámẹ́rà dúró lójú kan, kò sún mọ́ ojú ẹnikẹ́ni, wọ́n kò sì gé àwòrán náà rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ìtàn, kò sí mọ́tò, kò sí obìnrin tí ń jó lẹ́yìn. Fídíò náà gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy ní 2007. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò owó ni ìgbáradì: bí ẹnì kan bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, wọ́n ní láti tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ìgbà tí yíyí ìlànà padà bá mú wàhálà wá

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni òǹwòran máa ń rí ohun tí olórin ní lọ́kàn. Ní oṣù karùn-ún, ọdún 2018, Fọlárìn Fálànà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Falz gbé ‘This Is Nigeria’ jáde. Ó tẹ̀lé ọ̀nà tí Childish Gambino gbà ṣe ‘This Is America’ tí ó jáde níbẹ̀rẹ̀ oṣù kan náà, níbi tí ijó ń lọ níwájú tí ìwà ipá sì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n ti wo ti Amẹ́ríkà mọ ohun tí Falz ń ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú fídíò náà tí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n wọ híjáàbù ti ń jó ṣakú-ṣakú. Ẹgbẹ́ MURIC, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Mùsùlùmí, ní àbùkù ni èyí jẹ́ fún ẹ̀sìn àwọn, wọ́n sì ní kí ó yọ ọ́ kúrò. Àlàyé Falz ni pé àwọn ọmọbìnrin Chibok, tí wọ́n jí 276 nínú wọn gbé ní oṣù kẹrin, ọdún 2014, ni òun fi wọ́n ṣàpẹẹrẹ. Lọ́dún 2018 kan náà, àjọ NBC tí ń bójú tó iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn bu owó ìtanràn N100,000 lé ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Jos lórí, nítorí pé ó gbé orin náà sáfẹ́fẹ́.

Lọ́dún tí ó ṣáájú, ìyẹn 2017, ọ̀rọ̀ kan ẹlòmíràn. Olamide kò ya fídíò orin ‘Wo’ rẹ̀ sí ilé olówó. Àdúgbò mẹ̀kúnnù l'Ékòó ni ó yà á sí, láàárín èrò tí wọ́n ń jó. Ìyípadà tí ó dára ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí. Ṣùgbọ́n sìgá mímu wà nínú rẹ̀, Ilé-iṣẹ́ Ìlera ti ìjọba àpapọ̀ sì ní ó tako òfin tí wọ́n ṣe lórí tábà ní ọdún 2015. Olamide ní òun kò gbèrò láti polówó sìgá fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbí fún akẹ́kọ̀ọ́. Àkọ́kọ́ ni pé ohun tí àwọn ènìyàn kà sí mímọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí a bá fẹ́ lò ó, ìtumọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn nínú àwòrán fúnra rẹ̀, kì í ṣe nínú àlàyé tí yóò tẹ̀lé e. Èkejì ni pé ẹni tí ó bá ń fọ́ ìlànà kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ àwọn tí kò kíyè sí pé òun ń tẹ̀lé. Olamide kọ ilé ńlá sílẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín sìgá, tí ó ti di àṣà nínú fídíò tàkasúfèé tipẹ́, bá a wọlé.

Bí a ṣe lè ṣe é ní Ojoo

Kí a sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Ojoo fẹ́ ya fídíò orin ìfẹ́ kan. Ìlànà orin ìfẹ́ kò fara sin: ọmọkùnrin nínú mọ́tò olówó ńlá, ọmọbìnrin tí ó dúró bí òdòdó tí kò sọ nǹkan kan, ọgbà tí ó tutù, àti ìjà kékeré tí yóò parí kí orin tó tán. Kí ni wọ́n lè yí padà?

Wọ́n lè yí mọ́tò náà padà. Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn mọ ọkọ̀ Maikirá, takisí kékeré tí ń gbé èrò kiri ìgboro. Kí wọ́n fi Maikirá rọ́pò jíìpù. Ṣùgbọ́n ibi tí ọgbọ́n wà nìyí: wọn kò gbọdọ̀ yà á bí ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí ó máa dán. Kí kámẹ́rà wà nísàlẹ̀, kí ó máa wo ọkọ̀ náà sókè bí wọ́n ṣe ń wo jíìpù nínú fídíò àwọn olówó. Kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí wẹ́rẹ́, kí bàtà olórin kọ́kọ́ jáde. Kí àwọn èrò mìíràn wà lẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀ níbi tí ó ti ń kọrin ìfẹ́, kí apẹ̀rẹ̀ ata tí ìyá kan rà ní ọjà Ṣáṣá sì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òǹwòran yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ìfẹ́ àwọn tí ń wọ Maikirá pẹ̀lú tó ohun tí à ń kọ lórin. Bí wọ́n bá ya ọkọ̀ náà lọ́nà gbẹ̀rẹ́fu, takisí lásán ni òǹwòran yóò rí.

Wọ́n sì lè fi mọ́tò sílẹ̀, kí wọ́n yí ojú tí ń wò padà. Ní ọdún 1975, Laura Mulvey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa fíìmù, kọ ọ́ pé ojú ọkùnrin ni kámẹ́rà sábà fi ń wo obìnrin. Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin inú orin náà ló ń wo olórin láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, tí àwa náà sì ń fi ojú rẹ̀ wò, orin kan náà yóò di ìtàn mìíràn. Olórin ń bẹ̀bẹ̀, ẹnìkejì ló ń pinnu. Ìyípadà yìí kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n mú ọ̀kan nínú méjèèjì, nítorí àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Ìyókù iṣẹ́ wà nínú pípa ìlànà mọ́ dáadáa. Ohùn orin gbọ́dọ̀ máa dún sókè níbi tí wọ́n ti ń ya fídíò, kí ẹnu olórin lè bá a mu. Kí ó kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà tí kámẹ́rà jìnnà, kí ó tún un kọ nígbà tí ó súnmọ́ díẹ̀, kí ó sì tún un kọ nígbà tí ojú nìkan ló hàn. Bí orin bá gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, tí wọ́n sì ṣe báyìí ní ibi méjì, ìṣẹ́jú 24 ni wọn yóò ní láti fi to fídíò oníṣẹ́jú mẹ́rin. Òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára jù fún yíya àwòrán, nítorí oòrùn ọ̀sán a máa sọ ojú ènìyàn di òjìji.

Ìyọ̀ǹda náà ṣe pàtàkì. Gáréèjì Ojoo àti ọjà kì í ṣe ibi tí ènìyàn kàn ń gbé kámẹ́rà wọ̀. Àwọn olórí awakọ̀ àti àwọn olórí ọjà wà, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òun kò fẹ́ kí ojú òun hàn, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Kí wọ́n má sì ya àwòrán lójú títì márosẹ̀, nítorí kò sí orin tí ó tó ẹ̀mí ènìyàn.

Nígbà tí wọ́n bá tò ó tán, kí wọ́n pa ohùn rẹ̀, kí wọ́n fi han aládùúgbò kan tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè méjì. Irú orin wo ni èyí? Kí ni o rí tí o kò retí? Bí kò bá lè dáhùn ti àkọ́kọ́, wọ́n ti fọ́ ìlànà kọjá ààlà. Bí kò bá lè dáhùn èkejì, wọn kò tíì fọ́ ọ̀kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ náà jẹ́ ti ìdánwò lè fi ìdáhùn yìí kọ àlàyé rẹ̀: ìlànà tí ó tẹ̀lé, èyí tí ó fi nǹkan kún, èyí tí ó tako, àti ìdí rẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé ní Ojoo tí ó sì ń fi ilé olówó àti mọ́tò àyálò bo Ojoo mọ́lẹ̀ ti ta ohun tí ó ní lọ́pọ̀, ó sì ti fi owó gọbọi yá ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí orin náà kò bá tilẹ̀ kúrò ní Ìbàdàn, àwọn awakọ̀ Maikirá, ìyá aláta àti ọmọbìnrin tí ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán yóò rí ara wọn nínú rẹ̀ ní ipò tí wọ́n ti ń rí àwọn ẹlòmíràn tipẹ́.